Àjẹ́ Àná àti Ẹ́ńjìnì Tí Kò Fẹ́ Kú: Bí Ènìyàn Ṣe Ń Mọ Okùnfà

Ẹ́ńjìnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì rẹ̀ ń fà wọ inú sìlíńdà, yóò sì fún un pọ̀ títí ooru rẹ̀ yóò fi kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí nọ́sù bá wá fọ́n epo sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí, epo á gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí sí Paris lọ́dún 1858, ló gbé èrò yìí kalẹ̀, Augsburg ni ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ kanlẹ̀ lọ́dún 1897. Bí ẹ̀rọ yìí kò ṣe nílò iná kó tó jí náà ni a kò ṣe lè fi iná pa á. Ẹni tó fẹ́ pa ẹ́ńjìnì bẹntiróò, iná púlọ́ọ̀gì ni yóò gé, ọ̀rọ̀ parí. Ti dísù, oúnjẹ ni a ní láti gbà lẹ́nu rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí epo bá ṣì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì wà, ìbáà jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò awakọ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ.

Bí ara rẹ̀ bá dá, ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ti tó fún un láti dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ padà. Ìgbà tí nǹkan bá yí padà ni ọ̀rọ̀ ń di ọ̀rọ̀. Òmíràn á máa fà á nílẹ̀, á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tàbí mẹ́wàá sí i kó tó gbà láti kú. Òmíràn á gbọ̀n bíi kó já kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Òmíràn á kan nǹkan gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó bá fẹ́ dúró. Èyí tó burú jù kò ní kú rárá, ariwo rẹ̀ ni yóò máa ròkè sí i. Ohun kan náà ni olówó ọkọ̀ ń bi mẹkáníìkì lórí gbogbo wọn: kí ló fà á? Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún: ọ̀nà wo ni ènìyàn fi ń ti orí ohun tí ojú rí dé orí ohun tí ojú kò rí, kí ni yóò sì jẹ́ kó dá a lójú pé òun kò ṣìnà? Ojoojúmọ́ ni mẹkáníìkì ń dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì. Àwọn ibì kan wà tó ti mọ̀ ọ́n ṣe ju onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ, àwọn ibì kan sì wà tó ti yẹ kó fetí sí wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé nǹkan yí padà, ó ní láti mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ohun tí ọmọdé mọ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń wọ́. Mẹkáníìkì tí wọ́n gbé ọkọ̀ wá bá lónìí kò bá ẹ́ńjìnì náà gbé. Kò mọ̀ bóyá gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n bó bá fẹ́ kú jẹ́ àìsàn tuntun, tàbí ìwà tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Awakọ̀ ló mọ̀, nítorí òun ló ń pa á lálaalẹ́. Ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹjọ́ náà kò sí nínú ẹ́ńjìnì. Inú ìrántí ènìyàn ló wà, ìrántí sì mọ bí a ti ń tan olówó rẹ̀. Ohun tó bá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ kì í tètè hàn sí ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́. Ó lè tó oṣù mẹ́fà tí ẹ́ńjìnì ti ń pẹ́ kó tó kú, kó wá jẹ́ pé ọjọ́ tí àlejò bá wọkọ̀ náà tó ní “Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?” ni awakọ̀ yóò tó gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí yóò sì lọ sọ fún mẹkáníìkì pé àná ló bẹ̀rẹ̀.

Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá jókòó, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé *Knowledge, Belief and Witchcraft* lọ́dún 1986. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn àgbà wọ̀nyí kì í fi ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí àti ohun tí wọ́n sọ fún un sí ipò kan náà. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ lẹ́nu ẹni iyì, a lè gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n a ní láti dán an wò. Ìlànà yìí bá iṣẹ́ mẹkáníìkì mu gẹ́lẹ́. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà. Á ní kí oníbàárà jókòó sídìí ọkọ̀, kó pa á bó ṣe ń pa á nílé, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó gbóná. Òun yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, yóò máa ka ìṣẹ́jú àáyá, yóò máa fetí sí ibi tí ohùn ti ń wá. Yóò sì bèèrè bóyá lójijì ni tàbí díẹ̀díẹ̀. Ohun tó dé lójijì sábà máa ń jẹ́ ohun tó já, tó yọ tàbí tó gán. Ohun tó rọra dé sábà máa ń jẹ́ ohun tó ń jẹ tàbí tó ń dí. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni. Kò pọn dandan.

Ọ̀ràn kejì jinlẹ̀ ju ti ìrántí lọ. Àìsí ló ń pa ẹ́ńjìnì dísù: epo kò sí mọ́, ó sì kú. Ǹjẹ́ ohun tí kò sí lè fa ohun kan? Aristotle, nínú ìwé kejì *Physics* rẹ̀, gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀: bí ọkọ̀ ojú omi bá dànù nítorí pé atukọ̀ kò sí ní ìdí rẹ̀, àìsí atukọ̀ ló fà á, gẹ́gẹ́ bí wíwà rẹ̀ ìbá ṣe mú un gúnlẹ̀ láyọ̀. Yorùbá náà ti gbà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí ológbò bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n àwọn kan kọ̀ ọ́, àwíjàre wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní bí àìsí bá lè fa nǹkan, okùnfà kò ní lóǹkà mọ́. Bí àìdé epo láti inú póńpù bá pa ẹ́ńjìnì, kí ló dé tí a kì í sọ pé àìsí ẹni tó máa fi garawa bu epo sí i lẹ́nu ló pa á? Àwọn méjèèjì kúkú ni kò sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìdáhùn rẹ̀ ti wá. Àìsí tí a ń pè ní okùnfà ni àìsí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ètò ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ní garawa kò sí nínú ètò. Epo póńpù wà nínú rẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé èyí ni pé kò sẹ́ni tó lè ka okùnfà lára àmì láì kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ ọ̀hún. Ọ̀nà méjì tó takora pátápátá ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ láyé àtijọ́ gbà pa ẹ́ńjìnì dísù, ìyàtọ̀ àárín wọn sì tó ohun tí a lè kọ odindi ìwé lé lórí.

Ọ̀nà kìíní wà lára póńpù Bosch VE, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Volkswagen Golf dísù. Sólẹ́nọ́ìdì kékeré kan jókòó sórí póńpù náà. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná 12 fóòtì á fa ọ̀pá inú rẹ̀ sókè, ọ̀nà epo á là. Bí iná bá lọ, sípíríìnì á ti ọ̀pá náà padà, ọ̀nà á dí, ẹ́ńjìnì á kú. Nínú ètò yìí, wíwà láàyè ló ń gba agbára. Ikú kò gba nǹkan kan. Ọ̀nà kejì wà lára Mercedes-Benz W123, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti bí ọdún 1976 sí 1985, tí àwọn awakọ̀ takisí ní Jámánì àti Mòrókò fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú 240D àti 300D rẹ̀, póńpù kan tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń yí máa ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àwọn páìpù tínrín kan, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fákúùmù. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi pípa, fáàfù kan lẹ́yìn ẹnu kọ́kọ́rọ́ á ṣí, fákúùmù á lọ sí ẹ̀yìn póńpù epo, yóò fa awọ rọ́bà kan tó wà níbẹ̀, awọ náà yóò sì fa irin tó ń wọn epo padà sí òdo. Níhìn-ín, ikú ló ń gba agbára. Ẹ́ńjìnì tó wà láàyè ló ń pèsè ohun tí wọn yóò fi pa á.

Nítorí náà, àléébù kan náà á bí àmì méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Bí wáyà sólẹ́nọ́ìdì bá já lára Golf, ọkọ̀ á kú sójú títì. Bí páìpù fákúùmù bá ya lára W123, ọkọ̀ á máa lọ geerege, àfi tí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n fẹ́ pa á ni wọn yóò tó mọ̀ pé ohun kan já. Ẹni tó bá gbé ìrírí Golf lọ sídìí W123, yóò máa wá wáyà tí kò sí níbẹ̀ kiri.

Ti W123 yìí tọ́ sí àyẹ̀wò dáadáa, nítorí ó fi hàn bí okùnfà ṣe lè jìnnà sí àmì rẹ̀ tó. Nínú èyí tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń tì papọ̀, fákúùmù kan náà ló ń ti ilẹ̀kùn. Páìpù rẹ̀ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá lọ sínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó sì dé ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ epo sí. Bí rọ́bà inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ti gbó tó sì lu, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, agbára tó yẹ kó pa ẹ́ńjìnì á sì dín kù. Awakọ̀ á yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì á ṣì máa lù kìkì. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kì í gba ibẹ̀: ilẹ̀kùn ló ń ṣàìsàn, ẹ́ńjìnì ló ń pariwo. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò kúkú fi awakọ̀ sílẹ̀ lásán. Irin kan wà lára ẹ́ńjìnì tí wọ́n kọ STOP sí, ẹni tó bá ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ ẹ́ á gbọ́ tí ẹ́ńjìnì dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń rídìí rẹ̀ kò ju ohun tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ John Stuart Mill kọ sínú *A System of Logic* lọ́dún 1843 lọ. Mill ní bí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì bá jọra nínú ohun gbogbo àyàfi ẹyọ kan, tí àbájáde sì wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, ẹyọ náà ni okùnfà tàbí ó kópa nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò gbọ́ orúkọ Mill rí á mú póńpù fákúùmù ọlọ́wọ́, á so ó tààrà mọ́ ibi tí awọ rọ́bà ẹ̀yìn póńpù epo wà, á sì fà á nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnì bá kú lójú ẹsẹ̀, awọ náà sàn, ọ̀dọ̀ ohun tó yẹ kó máa fà á ni ìṣòro wà. Bí kò bá kú, tí ọwọ́ òṣùwọ̀n póńpù náà sì ń já bọ̀, awọ ti ya. Nígbà míì wọ́n á tilẹ̀ rí ọ́ìlì nínú páìpù náà, èyí tí fákúùmù ti fà jáde láti ìdí póńpù epo. Lẹ́yìn èyí á dí ẹ̀ka tó lọ sí ilẹ̀kùn pa, á yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì kú. Á tú ẹ̀ka náà sílẹ̀, á tan ọkọ̀, á yí kọ́kọ́rọ́ padà. Kò kú. Ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn bá ti lè mú àmì wá, tó sì tún lè mú un lọ, bó ṣe wù ú, ìgbà yẹn ni àbá kúrò ní àbá. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún Golf tí kò fẹ́ kú: wọn yóò wọn iná orí sólẹ́nọ́ìdì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹnu kọ́kọ́rọ́ tàbí wáyà ni ẹ̀bi wà. Bí kò bá sí, ìdọ̀tí ni kò jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ jókòó dáadáa.

Mill kìlọ̀ nípa ohun mìíràn tí àwọn mẹkáníìkì kì í fẹ́ gbọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo lè ní okùnfà púpọ̀, pé èyí ló sì ń sọ ọ̀nà ìwádìí tó dá lórí ìjọra nìkan di aláìlágbára. Gbígbọ̀n ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ́ńjìnì bẹntiróò ní ìlẹ̀kùn kan tó ń wọn afẹ́fẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì tán nígbà tí awakọ̀ kò bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ dísù àtijọ́ kò ní irú rẹ̀. Lẹ́yìn tí epo bá ti gé, àwọn písítìnì ṣì ń fún afẹ́fẹ́ tó kún fọ́fọ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń ta wọ́n padà, ni ọkọ̀ bá ń mì. Láti bọ́ lọ́wọ́ èyí, wọ́n fi awẹ́ irin kan sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ dísù ìgbàlódé, Volkswagen 1.9 TDI wà lára wọn. Bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́, awẹ́ yìí á dé, písítìnì kò ní rí ohun púpọ̀ fún pọ̀, ẹ́ńjìnì á sì kú jẹ́jẹ́. Bí èérí bá gan awẹ́ náà tàbí páìpù rẹ̀ já, gbígbọ̀n àtijọ́ padà dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì síìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, náà á jẹ́ kó gbọ̀n bó bá ti jẹ. Nọ́sù tí kò fọ́n epo bí ẹgbẹ́ rẹ̀ á jẹ́ kó gbọ̀n. Fuláíwíìlì alápá méjì tí sípíríìnì inú rẹ̀ ti rẹ̀ á jẹ́ kó gbọ̀n, á sì tún máa ró gán-ìn gán-ìn, nítorí pé nígbà títan àti nígbà pípa nìkan ni ẹ́ńjìnì ń gba ìsàlẹ̀ ìyípo 800 ní ìṣẹ́jú kan kọjá, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni sípíríìnì wọ̀nyí ti máa ń jó. Mẹkáníìkì tó bá rántí pé “ẹ́ńjìnì síìtì ló ṣe ọkọ̀ Alhaji lọ́jọ́sí,” tó sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnì síìtì, ìjọra ló tẹ̀ lé. Ó lè ṣe kòńgẹ́ òtítọ́. Bí kò bá ṣe kòńgẹ́, owó oníbàárà ló fi kẹ́kọ̀ọ́, ìwà kó pààrọ̀ èyí ná, kó tún pààrọ̀ tọ̀hún yìí sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú iṣẹ́ náà. Àyẹ̀wò kò wọ́n. Bí ẹ́ńjìnì bá dúró jẹ́jẹ́ ní sílò, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń kú nìkan ló ń mì, awẹ́ afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ẹnì kan á tẹjú mọ́ apá irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn á yí kọ́kọ́rọ́: apá náà yẹ kó fò padé lẹ́ẹ̀kan, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó tó padà sáyè rẹ̀. Bí kò bá mira, wọ́n ti rí i. Bó bá fò bó ṣe yẹ, tí ohùn gán-ìn sì ń ti àárín ẹ́ńjìnì àti jíà wá, tó ń yí padà bí wọ́n bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, fuláíwíìlì ni kí wọ́n dojú kọ.

Yorùbá ní òwe kan tó dá lórí okùnfà ju òwe èyíkéyìí lọ: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n máa ń lò ó bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí síbẹ̀. Ní gáréèjì, bí wọ́n ṣe ń lò ó ni pé: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mẹkáníìkì pààrọ̀ bẹ́líìtì, ọjọ́rú ni ẹ́ńjìnì kọ̀ láti kú, òun ló bà á jẹ́. David Hume, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Scotland, yẹ òwe yìí wò lọ́nà tirẹ̀ lọ́dún 1748, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ọ rí. Ó ní ojú kì í rí ohun tó so okùnfà mọ́ àbájáde; pé èyí ṣáájú, tọ̀hún sì tẹ̀ lé e, ni ojú ń rí. Ohun tó ń jẹ́ kí a sọ pé èyí ló fa tọ̀hún ni pé a ti rí irú wọn tí wọ́n ń tẹ̀ léra léraléra, ọkàn sì ti mọ́ ọn lára. Igbe àjẹ́ kan àti ikú ọmọ kan kò tíì tó. Hume fi kún un pé okùnfà ni èyí tó jẹ́ pé bí kò bá sí, àbájáde kì bá tí wáyé. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n tẹ òwe náà mọ́: bí àjẹ́ kò bá ké, ṣé ọmọ kì bá tí kú? Bí wọn kò bá fọwọ́ kan bẹ́líìtì, ṣé ẹ́ńjìnì ìbá gbà láti kú?

Síbẹ̀ kò yẹ kí a sọ òwe náà nù. Mẹkáníìkì tó ti apá bọ àárín ẹ́ńjìnì lè ti fi ìgbọ̀nwọ́ gbá páìpù fákúùmù yọ láìmọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn sì ni ó bọ́gbọ́n mu kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Òwe náà dára fún ẹni tó ń wádìí, ó burú fún ẹni tó ń dájọ́.

Ọ̀rọ̀ tí Hume sọ kò ṣàjèjì sí àwọn Mùsùlùmí, nítorí al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn tó kú lọ́dún 1111, ti sọ ohun tó jọ ọ́ ṣáájú rẹ̀, ó sì gbé e karí ẹ̀sìn. Ó ní bí iná bá kan òwú, iná kọ́ ló ní agbára láti jó o. Ọlọ́run ló ń dá jíjó sára òwú lásìkò tí iná kàn án, bó bá sì wù Ú, òwú lè kan iná kó má jó. Ibn Rushd ti ìlú Córdoba dá a lóhùn pé ẹni tó bá sẹ́ okùnfà ti sẹ́ làákàyè. Ènìyàn lè rò pé bí al-Ghazali bá jàre, mẹkáníìkì kò níṣẹ́ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Al-Ghazali fúnra rẹ̀ gbà pé Ọlọ́run ti fi ayé sí orí ìṣe kan tí kì í yẹ̀ lójoojúmọ́, Ó sì ti fi ìmọ̀ ìṣe náà sí ọkàn ẹ̀dá. Mùsùlùmí tó bá ń wọn iná orí sólẹ́nọ́ìdì, ìṣe yẹn ló ń kà. Bóyá sípíríìnì ló ti ọ̀pá padà tàbí Ọlọ́run ló ń dá a padà ní gbogbo ìgbà, ìdọ̀tí ló yẹ kó yọ kúrò lábẹ́ ọ̀pá náà.

Ìbéèrè kan tún kù tí Hume àti Mill kò kà sí. Evans-Pritchard, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ènìyàn, nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1937 nípa àwọn Azande tó ń gbé ní ibi tó jẹ́ gúúsù Sudan nígbà náà, ṣàlàyé pé bí àká bá wó lu àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn mọ̀ pé ikán ló jẹ òpó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi àjẹ́ dáhùn ni ìdí tó fi wó lásìkò tí àwọn wọ̀nyí gan-an wà níbẹ̀. Ṣódípọ̀ náà kọ àpilẹ̀kọ lórí okùnfà àti èèṣì nínú èrò Yorùbá lọ́dún 1973, nínú ìwé àtìgbàdégbà *Second Order* tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ifẹ̀, àlàyé rẹ̀ sì bá èyí tan: Yorùbá mọ okùnfà tí kì í ṣe ènìyàn tàbí òrìṣà dunjú, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá ká ni lára, kì í fẹ́ fi “ó kàn ṣe é ṣe ni” parí rẹ̀. Awakọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ yọnu lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé ìyàwó lọ sílé ìgbẹ̀bí kì í bèèrè pé páìpù wo ló já nìkan. Ó ń bèèrè ìdí tó fi jẹ́ òun, tó sì fi jẹ́ lónìí.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òpè, àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò sì tíì dáhùn rẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò sí bí ọwọ́ ṣe lè dán an wò. Wọ́n lè dí páìpù kí wọ́n sì tú u. Wọn kò lè mú ọ̀tá kúrò, kí wọ́n mú un padà, kí wọ́n sì wo ohun tí ẹ́ńjìnì yóò ṣe. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn méjèèjì fi lè gbé pọ̀ lọ́kàn ẹni kan ṣoṣo láìjà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń bọ Ògún lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń wọn fóòtì lójoojúmọ́, kò sì sí ìtakora nínú rẹ̀. Àṣìṣe wà níbi tí wọ́n bá ti fi ìdáhùn ìbéèrè kan rọ́pò ti èkejì, tí àdúrà fi gba ipò òṣùwọ̀n, tàbí tí wọ́n fi mú ọmọ aráyé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fún ohun tí rọ́bà gbígbó ṣe.

Irú ìyípadà kan ṣẹ́kù tí kì í fún ènìyàn láyè láti wádìí rárá. Bí ọ́ìlì tọ́bò bá ń jò sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bá kún kọjá ààlà, ẹ́ńjìnì dísù lè máa jó ọ́ìlì ara rẹ̀ bí epo. Nínú àwọn tó ní àsẹ́ èéfín, dísù tí wọ́n fi ń sun èérí inú àsẹ́ náà lè máa ṣàn sínú ọ́ìlì, pàápàá bí awakọ̀ bá ń pa ọkọ̀ kí ó tó sun ún tán, ọ́ìlì á sì máa ga sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu kún un. Bí ẹ́ńjìnì bá ti rí oúnjẹ yìí, kọ́kọ́rọ́ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Ìró rẹ̀ á máa lọ sókè, èéfín funfun tàbí aláwọ̀ aró á bo àdúgbò, kò sì ní dúró títí ọ́ìlì yóò fi tán tàbí tí irin inú rẹ̀ yóò fi fọ́. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì Detroit Diesel Series 71, tó jáde lọ́dún 1938, mọ ewu yìí, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn pàjáwìrì tó ń dí afẹ́fẹ́ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọkọ̀ ilé kì í sábà ní irú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, kí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin, kó fi sí jíà tó ga jù, kó sì yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí sábà máa ń pa á. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì jìnnà sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tàbí aṣọ dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, nítorí agbára tó ń fà níbẹ̀ ju ti ènìyàn lọ.

Lẹ́yìn tó bá ti dákẹ́ ni ìbéèrè lórí okùnfà tó padà ní àyè. Ọkọ̀ tó bá ti ṣe báyìí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má tún yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi rí ibi tí ọ́ìlì ti ń wọlé, tí wọ́n sì ti fọ èyí tó ṣẹ́kù nínú àwọn páìpù tọ́bò àti intercooler tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù jáde, nítorí ọ́ìlì tó kù síbẹ̀ nìkan tó láti mú un sáré lẹ́ẹ̀kejì.